Bí A Ṣe Ń Kọ́ṣẹ́ Mẹkáníìkì Ọkọ̀ Ojú Omi: Láti Ilé Gaàrí dé Èbúté

Mọ́tò tó bá kú lójú ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà, èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tì í sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á wọ òmíràn lọ sílé. Ọkọ̀ tó bá kú láàárín ọ̀sà, èrò inú rẹ̀ kò níbi tí wọn yóò bọ́ sí. Atẹ́gùn ni yóò máa gbé e, ìgbì ni yóò máa gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Orí ìwé yìí wà fún ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà, àti fún òbí tó fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ náà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tàbí ti ará Èpé nìkan ni. Abúlé wo ló wà lágbègbè wa tí kò mọ ilé gaàrí, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń lọ ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” ńkọ́? Ìyá kan náà ló bí òun àti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Yamaha tó ń ti ọkọ̀ lójú ọ̀sà: bẹntiróò àti ọ́ìlì ni a ń pò pọ̀ fún àwọn méjèèjì. Adágún Aṣẹ́jirẹ́, tí wọ́n dí odò Ọ̀ṣun láti fi ṣe, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn apẹja sì ń tukọ̀ lórí rẹ̀. Láti 2021 sì ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Mọ́níyà lọ sí Èbúté Mẹ́tta l'Ékòó. Ọ̀nà wà. Ohun tó kù ni kí o mọ bí a ṣe ń tọ̀ ọ́.

Ohun tí o máa nílò

Má ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Inú àpótí ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ wọn yóò ti kọ́kọ́ wá, tìrẹ á sì máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn tí mo fi àmì ìràwọ̀ sí ni kí o ní kí o tó kúrò nílé.

- Aṣọ iṣẹ́ méjì tí kò fẹ̀ jù, tí apá rẹ̀ ṣeé dè, àti bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀.*
- Láífù jákẹ́ẹ̀tì tìrẹ, tó bá ara rẹ mu, tí okùn àti ìdè rẹ̀ pé.*
- Ìwé àkọsílẹ̀ tí èèpo rẹ̀ le àti bírò. Inú ìwé yìí ni gbogbo ẹ́ńjìnnì tí o bá fọwọ́ kàn yóò máa wọ̀.*
- Sípánà fíláàtì àti rìǹgì, láti nọ́ḿbà 8 dé 19. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni 10, 12, 13, 14 àti 17.
- Sípánà tí a fi ń tú púlọ́ọ̀gì, àti géèjì pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo ẹnu rẹ̀.
- Sukudiráfà pẹlẹbẹ ńlá kan, kékeré kan, àti olórí ìràwọ̀ méjì.
- Púláyà, búrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́wẹ́, àti tọ́ọ̀ṣì tí a lè so mọ́ orí.
- Ife ìwọ̀n tí a kọ nọ́ḿbà sí lára, fún pípo ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò.
- Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ti ń dán ẹ́ńjìnnì wò láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ sódò.

Lẹ́yìn irin iṣẹ́, o nílò onídùúró kan tí ojú rẹ̀ tó ìlú, owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta ó kéré tán, àti owó ìkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá bá dá lé ọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Kọ́ ìwẹ̀ kí o tó kọ́ ẹ́ńjìnnì

Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò wọ omi tó kọjá orúnkún rí. Bí o bá dé èbúté láìmọ ìwẹ̀, ẹ̀rù kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń sọ. Wá olùkọ́ ní ibi ìwẹ̀ onísìmẹ́ǹtì kan nílùú Ìbàdàn, kí o sì sanwó fún un. Má lọ sí Aṣẹ́jirẹ́ lọ dá wẹ̀: omi tí ìlú ń mu ni, ó jìn, kò sì sí ẹni tí yóò fà ọ́ jáde.

Ìgbà wo lo mọ ìwẹ̀ tó? Nígbà tí o bá lè fẹ̀yìn léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, láìmí gúlegúle. Ohun tí yóò gbà ọ́ là lọ́jọ́ burúkú nìyẹn, ju kí o yára wẹ̀ lọ. Bí o tilẹ̀ di òmùwẹ̀, láífù jákẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ lójú omi.

Ìgbésẹ̀ kejì: Fi oṣù mẹ́ta gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì nílé

Lọ bá ẹni tó ni ilé gaàrí ní abúlé rẹ. Kí i dáadáa, kí o sì sọ ohun tí o ń wá: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ máa bá yín tọ́jú ẹ́ńjìnnì yìí láràárọ̀, kí n lè mọ̀ ọ́n.” Díẹ̀ ni yóò kọ̀. Ohun tí o máa kọ́ níbẹ̀ mẹ́ta ni.

Èkíní ni etí. Dúró ti Lísítà, ẹ́ńjìnnì ilé gaàrí náà, nígbà tí kò lọ nǹkan kan, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀, àti nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Kọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí padà sínú ìwé rẹ. Ẹni tó mọ ohùn àlàáfíà ni yóò tètè mọ ohùn àìsàn.

Èkejì ni ìmọ́tótó. Epo dísù tó ní omi tàbí iyanrìn nínú ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ jù. Kọ́ bí a ṣe ń sẹ́ epo, bí a ṣe ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì, àti bí a ṣe ń fọ ohun tó ń sẹ́ atẹ́gùn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀wọ̀. Nígbà tí o bá fẹ́ fi irin ọwọ́ yí Lísítà, jẹ́ kí àtàǹpàkò rẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà á já kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bí àtàǹpàkò bá ká irin náà mọ́lẹ̀, ọrùn ọwọ́ lè kán. Má kọjá nítòsí bẹ́líìtì tó ń yí pẹ̀lú aṣọ tó gbàyè, ìborùn tàbí ẹ̀wọ̀n ọrùn.

Lẹ́yìn èyí, bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ kékeré. Tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, fọ kàbúrétọ̀ rẹ̀, kí o sì tò ó padà títí o fi lè ṣe é láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Dísù ń gbiná fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fún un mọ́lẹ̀ gan-an. Bẹntiróò ń retí iná púlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ yìí kò sì ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi gbọ́dọ̀ bá epo wọlé. Epo lásán nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, písítìnì á gbẹ, á sì há.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fi ojú wá ọ̀gá, má fi etí nìkan wá a

Èpé, Ìkòròdú, Badagry àti àwọn èbúté Èkó ni ibi tó sún mọ́ wa jù. Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà wà. Mú àgbàlagbà kan dání, ẹ sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jókòó ní èbúté, kí ẹ máa wo nǹkan wọ̀nyí:

- Ṣé àwọn ọlọ́kọ̀ tó ti tún ti wọn ṣe tẹ́lẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀?
- Ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá lọ dán ẹ́ńjìnnì wò?
- Ṣé dúrọ́ọ̀mù omi wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àbí orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ń tanná sí ẹ́ńjìnnì?
- Àwọn tó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ dà? Ẹ wá ọ̀kan nínú wọn lọ, kí ẹ bi í bí ó ti rí.
- Ṣé ọmọ tó wà lọ́dún kejì ń di sípánà mú, àbí omi ló ṣì ń pọn?

Ọ̀gá tó le lẹ́nu kò burú. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tí kò dá a lójú lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ nítorí pé owó ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, àgbà ni yóò sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá, ọmọ yín la mú wá yìí. Bí ó bá ṣìṣe, ẹ bá a wí; bí ó bá ṣàìsàn, ẹ ránṣẹ́ sí wa.” Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan sì bá yín wálé. Àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ nìyí:

- Iye ọdún (mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó sábà máa ń jẹ́), ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí.
- Iye owó, bí ẹ ó ṣe san án, àti ohun tí ayẹyẹ òmìnira yóò ná yín.
- Ibi tí ọmọ yóò máa sùn àti ẹni tí yóò máa bọ́ ọ.
- Ẹni tí yóò sanwó ilé ìwòsàn bí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.
- Pé wọn kò ní rán an lọ sójú omi láìsí láífù jákẹ́ẹ̀tì, tàbí ní òun nìkan.
- Ọjọ́ ìsinmi. Bí ìdílé yín bá ń retí rẹ̀ lásìkò ìkórè, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọdún kìíní, ìdí ẹ́ńjìnnì àti omi

Iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ fún ọ ni ìfọ̀. Má kẹ́gàn rẹ̀. Omi ọ̀sà Èkó ní iyọ̀, àgàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ yìí ló sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì láti inú. Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, a máa ń tan ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ́ọ̀mù omi tí kò níyọ̀ kí omi náà lè fọ inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́: omi kékeré kan gbọ́dọ̀ máa tọ̀ jáde láìdáwọ́ dúró. Omi yẹn ló ń sọ fún ọ pé ara ẹ́ńjìnnì ń tutù. Bí kò bá tọ̀ mọ́, pa á lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí ibi tí omi ń gbà wọlé, tàbí koríko tó ń léfòó lójú omi, èyí tó wọ orílẹ̀-èdè wa gba ọ̀nà omi Badagry ní 1984. Bí kò bá sí ìdọ̀tí, abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú páḿpù ló ti jẹ. Ìdí nìyí tí a kì í fi tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ: omi ló ń mú kí rọ́bà yẹn yọ̀, kí ó má baà jóná.

Ọ́ìlì gíà ìdí ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ kejì. Tẹ̀ lé e báyìí:

1. Yọ okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí o sì tú wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò, kí ó má baà yí mọ́ ọ lọ́wọ́.
2. Gbé abọ́ sísàlẹ̀. Ṣí ihò ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ṣí ti òkè, kí ọ́ìlì lè ṣàn tán.
3. Wo ọ́ìlì náà. Bí ó bá funfun bíi ẹ̀kọ mímu, omi ti ń wọlé, rọ́bà ìdí ti bàjẹ́. Bí ó bá ní irin wẹ́wẹ́ nínú, gíà ń jẹ ara rẹ̀. Pe ọ̀gá.
4. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti rọ tuntun sínú rẹ̀, títí yóò fi yọ lókè. Bí o bá rọ ọ́ láti òkè, atẹ́gùn á há sínú rẹ̀.
5. Dí ti òkè kí o tó dí ti ìsàlẹ̀.

Nígbà tí o bá ń dè é, rántí ohun tí àwọn àgbà sọ: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì yìí. Nọ́ọ̀tì tí a bá fagbára dè á gé ojú rẹ̀, ihò náà kò sì ní dì í mú mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọdún kejì, epo àti iná

Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń po epo fún, ìdá 50 bẹntiróò sí ìdá kan ọ́ìlì ni. Ìyẹn ni pé jálá tó gba lítà 25 yóò gba ààbọ̀ lítà ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́. Ohun tí ìwé rẹ̀ bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni tirẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò kò lè rọ́pò rẹ̀. Má fi ojú díwọ̀n, ife ìwọ̀n ni kí o lò.

Kọ́ bí a ṣe ń ka púlọ́ọ̀gì. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo ẹ̀pà wà ní àlàáfíà. Èyí tó dúdú tó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí kí iná rẹ̀ máà lágbára. Èyí tó funfun, ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù, epo kò sì tó o. Ẹni tó bá kan ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì láìkà á, ẹ̀rí ló ń sọ nù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọdún kẹta, ẹ́ńjìnnì tó rì

Lọ́jọ́ kan, wọn yóò gbé ẹ́ńjìnnì tó bọ́ sómi wá. Kánmọ́kánmọ́ ni iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n má tan án. Fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo rẹ̀. Tú àwọn púlọ́ọ̀gì, kí o sì fi ọwọ́ yí fíláwíìlì pẹ̀lẹ́ kí omi lè jáde. Bí o bá gbọ́ pé iyanrìn ń họ nínú, tàbí tí kò yí dáadáa, dáwọ́ dúró: bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó rì, irin inú rẹ̀ lè ti tẹ̀, títú palẹ̀ ló kù. Bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, da epo táǹkì àti ti kàbúrétọ̀ nù, ta ọ́ìlì sínú rẹ̀, gbẹ wáyà, kí o sì tan án nínú dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ìpẹtà á ti dé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Òmìnira àti ìwé ẹ̀rí

Àdúrà òmìnira ń fi ọ́ hàn fún àdúgbò. Ìwé ẹ̀rí ń fi ọ́ hàn fún iléeṣẹ́. Ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, èyí tí a ń pè ní Trade Test. Láti ìpele kẹta ni a ti ń gùn ún dé ìkíní. NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìríṣẹ́ṣe, tó wà láti 1986, ní ètò tó ń so ọ̀dọ́ mọ́ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ní ìwé mẹ́wàá, tó sì tún fẹ́ kàwé sí i, lè béèrè nípa ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Federal College of Fisheries and Marine Technology ní Victoria Island.

Ìkìlọ̀

- Èéfín bẹntiróò wúwo ju atẹ́gùn lọ. Inú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sùn sí. Má mu sìgá, má sì dán iná púlọ́ọ̀gì wò níbi tí epo ti dà sílẹ̀.
- Má fọwọ́ kan pùròpẹ́là láìjẹ́ pé okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì ti kúrò lára rẹ̀.
- Ẹni tó bá ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ so okùn yẹn mọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sómi, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ kò ní yí padà wá gé e.
- Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 40 lè tó kìlógíráàmù 70 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn méjì ni kó gbé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é mọ́ ọkọ̀, ẹ fi okùn tàbí ẹ̀wọ̀n so ó kún un.
- Gbé àjẹ̀ méjì àti ìdákọ̀ró dání nígbàkúùgbà tí o bá lọ dán ẹ́ńjìnnì wò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- *Kíkúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́dún kejì.* Ìgbà yẹn ni ọmọ máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti lè tan án. Ọdún kẹta ló ń kọ́ni ìdí tó fi kọ̀ láti tàn.
- *Pípààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.* Bí ẹ́ńjìnnì bá dáa, o kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.
- *Àìka nọ́ọ̀tì.* Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí o ti tò ó tán, iṣẹ́ kò tíì tán.
- *Dídán ẹ́ńjìnnì wò ní èbúté nìkan.* Ọ̀pọ̀ àìsàn kì í yọjú títí iṣẹ́ yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Ìdajì wákàtí lójú omi, pẹ̀lú ẹrù, ni ìdánwò gidi.

Ohun kan ṣì kù tí kò sí nínú àpótí irin iṣẹ́. Yóò di ọjọ́ kan tí ọlọ́kọ̀ á dúró tì ọ́, èrò ti jókòó, òòrùn ń lọ, ọ̀gá rẹ sì ti gba owó. Omi ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ń tọ̀, ṣùgbọ́n ó ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ojú wà lára rẹ. Gbólóhùn tí o gbọ́dọ̀ lè sọ nígbà yẹn kúrú: “Ọ̀gá, ẹ má bínú, kò tíì dá mi lójú.” Ọmọ tó bá lè sọ ọ́, tí ó sì kúnlẹ̀ padà ti ẹ́ńjìnnì náà láti tú páḿpù rẹ̀, ló ti gba òmìnira, bí ọjọ́ ayẹyẹ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé.